Kóńgò Wo Ni Ayé Fi Ń Wọn Eré Ìje?

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jọ ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni. Òṣùwọ̀n kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹun nínú ọjà.

Kò sí ẹni tí ó mọ ọjà í ná ní Jànkárà tí yóò ra ẹ̀wà tàbí gàrí láì kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò. Kóńgò kan wà tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Òmíràn wà tí a ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọ inú, tí ó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ bù ú kún rẹ́rẹ́, ọjà inú rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ó ra kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni tí ó ra mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kejì yóò sọ pé ohun kan náà ni àwọn rà. Bí wọ́n bá délé, ìkòkò ni yóò sọ òótọ́ fún wọn.

Nígbà tí eré Òlíḿpíìkì ti ìlú Paris parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ariwo tí ó gba orílẹ̀-èdè wa kan ni pé Nàìjíríà kò mú ohunkóhun bọ̀. Kò sí wúrà, kò sí fàdákà, kò sí idẹ. Òótọ́ ni, a kò sì ní fi owó bo òótọ́ lójú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nítorí náà, kí a nu omijé ojú wa, kí a gbé kóńgò náà sókè, kí a wo ìdí rẹ̀. Ta ni ó ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn orílẹ̀-èdè nínú eré ìje? Kí ni ó ń wọ̀n, kí sì ni ó ń fi sílẹ̀?

ÒṢÙWỌ̀N WÚRÀ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N ÀPAPỌ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń ṣe àkóso Òlíḿpíìkì kì í fi orílẹ̀-èdè kan jẹ olúborí gbogbo eré. Ìwé òfin wọn là á sílẹ̀ pé láàárín eléré àti eléré ni ìdíje náà wà, kì í ṣe láàárín ìjọba àti ìjọba. Tábìlì tí ẹ ń rí nínú ìwé ìròyìn, tí wọ́n to orúkọ orílẹ̀-èdè sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, àṣà àwọn oníwèé ìròyìn àti ti àwọn ìjọba fúnra wọn ni.

Nítorí pé àṣà ni, oníkálukú a máa tò ó bí ó ti wù ú. Ọ̀pọ̀ ayé a máa ka wúrà ṣíwájú. Bí wúrà ẹni méjì bá dọ́gba ni wọn yóò tó wo fàdákà, lẹ́yìn náà idẹ. Àwọn oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà ní tiwọn sábà máa ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, wúrà kan, idẹ kan, ẹyọ kan náà ni lójú wọn. Nígbà tí eré Beijing parí ní ọdún 2008, Ṣáínà ní wúrà 51, Amẹ́ríkà sì ní 36. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo àmì ẹ̀yẹ pọ̀, Amẹ́ríkà ní 110, Ṣáínà ní 100. Ọjà kan náà, kóńgò méjì, olúborí méjì! Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé kóńgò tí ó gbè é, ó sì jó lọ sílé.

Ní Paris ọdún 2024, àwọn méjèèjì tún pàdé. Wúrà 40 ni Amẹ́ríkà gbà, wúrà 40 ni Ṣáínà náà gbà. Fàdákà ni a fi là wọ́n: Amẹ́ríkà ní 44, Ṣáínà ní 27. Ẹ ò rí i pé ipò kìn-ín-ní àti ipò kejì nínú gbogbo ayé wá rọ̀ mọ́ ohun tí ẹni tí ó tẹ̀ lé aṣáájú ṣe!

ÒṢÙWỌ̀N IYE ÈNÌYÀN

Àwọn kan wá sọ pé òṣùwọ̀n méjèèjì yìí kò dọ́gba, nítorí pé ilé tí ó ní ọmọ ogún àti ilé tí ó ní ọmọ kan kò lè jọ kó èrè kan náà. Wọ́n ní kí a pín àmì ẹ̀yẹ sí iye ènìyàn inú ìlú. Bí a bá fi kóńgò yìí wọ̀n ọ́n, ayé á yí padà. Ní Paris, Julien Alfred, ọmọbìnrin láti erékùṣù Saint Lucia tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 200,000, gba wúrà nínú eré ìje ọgọ́rùn-ún mítà, ó sì tún gba fàdákà nínú igba mítà. Thea LaFond láti Dominica, níbi tí ènìyàn kò tó 100,000, gba wúrà nínú fífò ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta. Grenada, erékùṣù kékeré mìíràn ní agbègbè kan náà, gba idẹ méjì. Bí a bá kó ènìyàn erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kò tó iye tí ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ nìkan ní ìpínlẹ̀ Èkó wa níhìn-ín.

Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, Botswana, tí ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, rí wúrà àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń lọ sí Òlíḿpíìkì. Letsile Tebogo ni ó gbà á nínú eré ìje igba mítà. Àwa tí a lé ní igba mílíọ̀nù wá jókòó, à ń wò.

Ọ̀rọ̀ náà dun ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo, kí a wo ìdí kóńgò yìí náà. Òfin eré kò gba orílẹ̀-èdè kankan láyè láti mú ju ènìyàn mẹ́ta lọ nínú ọ̀pọ̀ eré ìje. Bí ó jẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kan péré ni. Nítorí náà, ilé tí ó ní ọmọ ogún kò lè rán ogún jáde. Íńdíà, tí ènìyàn rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan, àmì ẹ̀yẹ mẹ́fà ni ó mú bọ̀ láti Paris, wúrà kò sì sí níbẹ̀. Nínú ìlú kékeré, bí ọmọ kan bá sáré dáadáa, gbogbo ìlú á fò sókè tábìlì. Bí ọmọ kan náà bá fi ẹsẹ̀ rọ́ kí ọjọ́ ó tó pé, gbogbo ìlú á já bọ́. Òṣùwọ̀n tí ń fò sókè, tí ń já bọ́ nítorí ẹsẹ̀ ẹnì kan, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kò ní fi í ṣe ìṣírò ọdún.

ÒṢÙWỌ̀N OWÓ

Ìlú Ọba náà kọ́gbọ́n ní ojú ọjà. Ní Atlanta ọdún 1996, wúrà kan péré ni wọ́n gbà, ipò kẹrìndínlógójì ni wọ́n sì wà lórí tábìlì. Ojú tì wọ́n. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí da owó tẹ́tẹ́ ìjọba sínú eré ìdárayá, wọ́n sì ń pín in fún eré tí ó bá ní ìrètí àmì ẹ̀yẹ. Ní ọdún 2012 tí wọ́n gba ayé lálejò ní London, wúrà 29 ni wọ́n gbà. Ní Rio ọdún 2016, 27, wọ́n sì gba ipò kejì, Ṣáínà wà lẹ́yìn wọn. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí náà. Ní ọdún 2014, wọ́n gba gbogbo owó tí wọ́n ń fún bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé wọn kò rí ìrètí àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eré tí ọmọ tálákà ń ṣe ní ìgboro ni. Nígbà tí àmì ẹ̀yẹ bá di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, eré tí kò mú un wálé yóò pebi kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń kó ọmọ ìlú kúrò ní títì.

Èyí tí ó burú jù ni ti Jámánì apá ìlà oòrùn. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù ogún gba wúrà 40 ní Montreal ọdún 1976, gbogbo ayé sì yà ẹnu. Nígbà tí ìjọba náà wó, ìwé wọn jáde sí gbangba: wọ́n ti ń fún àwọn eléré wọn ní oògùn, títí kan ọmọdébìnrin tí kò mọ ohun tí ó ń gbé mì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé àìsàn rẹ̀ títí di àgbà. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ dá Manfred Ewald, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá eré ìdárayá wọn, lẹ́bi. Kóńgò kún, ṣùgbọ́n òkúta ni ó wà ní ìsàlẹ̀, ẹ̀wà díẹ̀ ni a fi bò ó lórí.

TI WA ŃKỌ́?

Ọdún 1952, ní Helsinki, ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì. Láti ìgbà náà títí dé Paris 2024, àmì ẹ̀yẹ 27 ni gbogbo ohun tí a ti gbà: wúrà 3, fàdákà 11, idẹ 13. Èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn tọ́ sí àwa ará Èkó láti rántí. Ní Tokyo ọdún 1964, Nojim Máyégún, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Èkó, gba idẹ nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ Ọlọ́jà ni ìnagijẹ rẹ̀. Bí ẹ bá wo tábìlì ọdún náà, idẹ kan ṣoṣo yìí wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n òmìnira wa kò ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ orúkọ wa sínú ìwé tí a kò tíì sí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ní ilẹ̀ Austria, ojú rẹ̀ fọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti jáde láyé ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, oṣù kan náà tí à ń sunkún Paris. Kí Ọlọ́run forí jìn ín.

Ẹ tún wo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Tèsílímì Balógun wà nínú wọn, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Thunder, tí ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní London gbà sí iṣẹ́ ní ọdún 1956. Wọn kò gba ife kankan bọ̀ láti ìrìn àjò yẹn. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára pápá ìṣeré kan ní Surulere títí di òní. Kí ni òṣùwọ̀n tí ó wọn èyí?

Kí a wá sí ọdún 1976. Ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand lọ bá Gúúsù Áfíríkà ṣeré ní àkókò tí ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀ ń pa àwọn ènìyàn dúdú lára. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó lé ní ogún, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, kọ̀ láti ṣeré ní Montreal, nítorí pé a kò yọ New Zealand kúrò. Àwọn ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́rin múra padà sílé láì tẹ ẹsẹ̀ sí pápá. Nínú tábìlì, òdo ni a kọ sí iwájú orúkọ wa. Òdo ọdún 1976 àti òdo ọdún 2024, ojú kan náà ni wọ́n ní lórí ìwé. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n?

Ọdún 1996 ní Atlanta ni ó dára jù fún wa: àmì ẹ̀yẹ mẹ́fà. Chioma Ajunwa fò jìnnà, ó gba wúrà, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa gba wúrà, Fàlílátù Ògúnkọ̀yà sì gba idẹ nínú eré ìje irínwó mítà. Ìṣẹ́jú àáyá 49.10 tí ó fi sá a ni ọmọbìnrin Áfíríkà kankan kò tíì sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Idẹ ni wọ́n pè é. Ọgbọ̀n ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, a kò tíì rí ẹni tí ó borí rẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

ÈYÍ TÍ A KÌ Í KÀ

Ẹ̀yin ará, ibi tí ó kàn wá gan-an nìyí. Lẹ́yìn Òlíḿpíìkì ni àwọn akanda ẹ̀dá máa ń ṣe tiwọn, èyí tí à ń pè ní Paralympics, ní ìlú kan náà. Ní London ọdún 2012, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé kò mú ohunkóhun bọ̀ fún Nàìjíríà. Àwọn akanda ẹ̀dá wa mú 13 bọ̀, wúrà 6 nínú rẹ̀. Ní Rio, ti àkọ́kọ́ mú 1, tiwọn mú 12. Ní Tokyo, tí a ṣe ní ọdún 2021, 2 sí 10. Ní Paris, 0 sí 7, nínú èyí tí Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ àti Onyinyechi Mark gba wúrà kọ̀ọ̀kan nínú gbígbé irin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ro ó pọ̀. Nínú ìgbà mẹ́rin yìí, 3 ni gbogbo ayé rí kà fún wa ní apá kan, 42 ni ó wà ní apá kejì, wúrà 20 sì wà nínú 42 náà. Síbẹ̀, nígbà tí a ń ké pé Nàìjíríà kò mú ohunkóhun bọ̀ láti Paris, mélòó nínú wa ni ó dúró de àwọn wọ̀nyí?

Súúrà Al-Mutaffifin nínú Al-Kùránì Alápọ̀nlé kìlọ̀ fún àwọn tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gbà, wọn a gbà á ní kíkún, ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí wọ́n wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọn a dín in kù. Àwa oníṣòwò máa ń rò pé gàrí àti aṣọ nìkan ni ìkìlọ̀ yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ìyìn tí ó bá ti ọwọ́ ọmọ akanda wá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó sì wá kọ̀ láti ka ọmọ náà mọ́ ọmọ nígbà ìṣírò, òun náà kò ha ti tẹ ìdí kóńgò bí?

Kí a sì kíyè sí èyí pẹ̀lú: 13, 12, 10, 7. Iye náà ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà tí ó bá rí i pé èrè ọjà rẹ̀ tí ó dára jù ń dín kù ní ìgbà mẹ́ta léra wọn, tí kò sì béèrè ìdí rẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Ohun mìíràn tún wà tí tábìlì kì í sọ. Ní Tokyo, eléré Nàìjíríà mẹ́wàá ni a kò jẹ́ kí ó ṣeré, nítorí pé àyẹ̀wò oògùn tí ó yẹ kí a ti ṣe fún wọn ṣáájú kò pé iye. A kò sọ pé wọ́n lo oògùn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni a kò ṣe parí. Ní Paris, Favour Ofili tí ó ti tó láti sá ọgọ́rùn-ún mítà dé ibẹ̀, ó gbọ́ pé a kò fi orúkọ òun sílẹ̀ fún un. Ó sá igba mítà, ó sì dé ìpele àṣekágbá. Ní ọdún 2025, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ó ti ń wá ọ̀nà láti máa sáré fún ilẹ̀ Tọ́kì. Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́. Francis Obikwelu, ọmọ wa, gba fàdákà fún Pọ́túgà ní Athens ọdún 2004. Salwa Eid Naser, tí a bí ní Nàìjíríà, gba fàdákà fún Bahrain ní Paris. Ẹ̀wà wa ni, kóńgò ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin wa tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé ìpele mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ní Paris. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe eré náà ní Òlíḿpíìkì, ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé ibẹ̀ rí. Tábìlì kò kà á, nítorí pé èènì ni lójú tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ pé èènì ni ó ń mú oníbàárà padà wá.

ÒṢÙWỌ̀N TÍ Ó TỌ́

Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù wa gba ife Áfíríkà ní ìgbà kẹwàá. Wọ́n ṣẹ́gun Mòrókò pẹ̀lú àmì ayò mẹ́ta sí méjì. Ààrẹ Tinubu kéde ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé àti oyè orílẹ̀-èdè. A bá wọn yọ̀, wọ́n sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n owó tí a fún ẹni tí ó ti kórè, owó ìyìn ni. Owó irúgbìn dà? Oníṣòwò tí kò ní ojú owó, tí ó ń retí kí ẹnì kan fún un ní ẹ̀bùn ní ọjọ́ tí ọjà bá tà, ó ń fi ìṣòwò ta tẹ́tẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò gbọdọ̀ fi kíkọ́ pápá ńlá wọn ara wa. Pápá ìṣeré ńlá ti Surulere ni a kọ́ fún eré gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973. Níbẹ̀ ni a ti na Àlùjíríà ní ọdún 1980, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sínú àwọ̀n, tí Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta. Gbogbo wa mọ̀ bí pápá náà ṣe wá di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún tọrọ kí eré Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2030 ó wá sí Abuja. Ahmedabad ní Íńdíà ni wọ́n gbé e fún. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀, kí a kọ́kọ́ tún ti ilé ṣe.

Ní èrò tiwa, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ará ìlú máa bi ìjọba kí eré Los Angeles ti ọdún 2028 ó tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Èkíní: ọmọ mélòó ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó lè sáré lọ́sẹ̀? Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níhìn-ín, yàtọ̀ sí Campos àti Oníkàn, ojú títì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọkọ̀ àti alábàárù. Èkejì: ṣé a ti san owó ìmúrasílẹ̀ fún eléré kí ó tó lọ, ṣé àyẹ̀wò rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ sì ti pé? Ẹ̀kẹta: ṣé ohun tí a fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ni a fún akanda ẹ̀dá? Ẹ̀kẹrin: ẹni tí ó ti ṣeré fún wa, tí ara rẹ̀ ti wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀? Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dára, tí a kò sì gba idẹ kan, a ti jèrè. Bí wọn kò bá dára, tí a sì gba wúrà mẹ́wàá, oríire ni, kì í ṣe iṣẹ́ wa.

Àwa ìjọ Mùsùlùmí náà ní ìpín tiwa. Àwọn òbí kan máa ń sọ pé eré kò yẹ ọmọbìnrin wa nítorí ìmúra. Àwíjàre yẹn ti ń tán lọ. Láti ọdún 2014 ni àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé ti gba ìbòrí láyè. Ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbà á ní ọdún 2017. Nouhaila Benzina ti Mòrókò fi ìbòrí rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú ife àgbáyé àwọn obìnrin ní ọdún 2023. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ẹ jẹ́ kí ilé kéú àti ilé ìwé wa náà fi àyè sílẹ̀ fún wọn.

Ní ìparí, ẹ rántí ràkúnmí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, èyí tí à ń pè ní Adbá. Kò sí ẹranko tí ń sáré bí i. Ní ọjọ́ kan, ará oko kan gun ràkúnmí kékeré tirẹ̀ wá, ó sì sá a kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn Mùsùlùmí lára gidigidi. Ànábì wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohunkóhun tí ó bá gòkè ní ayé yìí, Ọlọ́run a máa sọ ọ́ kalẹ̀. Kò bínú sí ràkúnmí rẹ̀, kò sì lé ará oko náà jáde. Orílẹ̀-èdè tí ó wà lókè tábìlì lónìí, yóò sọ̀; èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè.

Ní Sydney ọdún 2000, àwọn ọmọ wa mẹ́rin tí wọ́n sá irínwó mítà, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, ṣe ipò kejì lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Ní ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣe ìpinnu pé wúrà náà di tiwa. Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin wa, ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Òṣùwọ̀n ayé lè pẹ́ kí ó tó tọ́, ó sì lè tọ́ lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n ní òdodo nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti rí i.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní òṣùwọ̀n tí ó pé nínú ọjà wa, nínú ilé wa àti nínú ìjọba wa. Àmín.